Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ: ọ̀rọ̀ lórí kókó ara tí kì í dunni

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Àìsàn kan wà tó ń sọ àwọn ọmọ wa di aláàbọ̀ ara, bẹ́ẹ̀ oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, kò sì jìnnà sí wa. Bí oògùn bá wà, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó wà nítòsí, tí apá ọmọ ṣì ń ká tí kò lè nà mọ́, a jẹ́ pé àìsí oògùn kọ́ ló ń ṣe wá. Ohun tó wà lójú ọ̀nà láti ilé wa dé ilé ìwòsàn ló ń ṣe wá. Ohun mẹ́rin sì ni: bí a ṣe ń mọ̀ pé ara ẹnì kan ò yá, ẹni tí a kọ́kọ́ ń sáré lọ bi léèrè, ẹni tó láṣẹ láti sọ pé "ẹ máa gbé e lọ", àti èdè tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn nígbà tí a bá débẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Ìkẹrin wà lọ́wọ́ ìjọba.

Àìsàn wo là ń sọ? Àwọn dókítà ń pè é ní ulcère de Buruli. Buruli jẹ́ orúkọ àgbègbè kan lórílẹ̀-èdè Uganda, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ fún un. Lọ́dọ̀ wa, egbò àdáàjiná ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa pè é bí wọ́n bá rí i. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á, ìbátan kòkòrò ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ibi tí omi kì í ti í ṣàn kíákíá ló ti pọ̀, ní àbàtà àti etí odò. Ẹ wo ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí lásìkò òjò, ẹ wo gbogbo àfonífojì odò Ouémé, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Nílẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń mú ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Kókó kékeré á yọ lábẹ́ awọ, tàbí kí awọ ibì kan le gbagidi, tàbí kí apá tàbí ẹsẹ̀ wú. Kì í dunni. Kì í sábà mú ibà dání. Kòkòrò yẹn ń tu májèlé kan jáde tó ń pa ẹran ara, májèlé ọ̀hún kan náà ló sì ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú, tí ẹni tó ni ín kò fi ní mọ ìrora. Tó bá yá, awọ á bẹ́, egbò á yọjú. Nígbà náà, abẹ́ etí egbò ti jẹ wọnú ju ohun tí ojú rí lọ. Bó bá jẹ́ ìgúnpá tàbí orúnkún ló wà, tí a kò tètè tọ́jú rẹ̀, awọ á sún kì, oríkèé á le, ọmọ kò ní lè na apá tàbí ẹsẹ̀ náà mọ́.

Ẹ̀yin ará, ibùdó tó ń tọ́jú egbò yìí wà ní Pobẹ̀ níbí, ó ti lé ní ogún ọdún, àwọn Fondation Raoul Follereau ló ń tì í lẹ́yìn. Ibùdó yìí kì í ṣe ibi kékeré. Àwọn ará wa láti Nàìjíríà ń sọdá ààlà wá gba ìwòsàn níbẹ̀. Ní 2007, àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Pobẹ̀ tẹ èsì ìtọ́jú wọn jáde, gbogbo àgbáyé sì kà á. Aláìsàn 224 ni wọ́n fún ní oògùn méjì pọ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. 215 nínú wọn ni ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún. 102 nínú àwọn 215 yìí kò fojú kan ọ̀bẹ rárá, oògùn nìkan ló wò wọ́n sàn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nínú àwọn tí egbò wọn ti fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 15 lọ kí wọ́n tó dé, 73 nínú 100 ló dé abẹ́ ọ̀bẹ. Nínú àwọn tí tiwọn kò tó sẹ̀ntímítà 5, ìyẹn nǹkan bí ìbú ìka mẹ́ta, 17 nínú 100 péré ni. Ibùdó kan náà, dókítà kan náà, oògùn kan náà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé aláìsàn dé ló yàtọ̀. Lónìí, kò tiẹ̀ di dandan kí wọ́n gún èèyàn lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ mọ́. Rifampicine àti clarithromycine ni, lílò ni wọ́n ń lò ó lẹ́nu, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà.

Kí ló dé tí a fi ń pẹ́?

Èkíní, lọ́dọ̀ wa, ìrora ni ẹlẹ́rìí àìsàn. Ẹni tó ń jẹun, tó ń rìn, tó ń lọ sóko, ta ló máa kí i pé "ẹ kú ara àìyá"? Ìyá rí kókó lára ọmọ nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ṣé ó dùn ẹ́?" Ọmọ ní rárá. Ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ sáré padà sínú eré. Ìyá yìí kò pa ọmọ tì o. Òṣùwọ̀n tí gbogbo wa fi ń wọn àìsàn ló lò, òun náà ni ìyá tirẹ̀ lò fún un. Lórí ọ̀pọ̀ àìsàn, òṣùwọ̀n yẹn dára. Lórí àìsàn yìí, irọ́ ló ń pa fún wa.

Èkejì, nígbà tí awọ bá wá bẹ́, ẹ̀rù á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Egbò tó ń fẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń jẹ ẹran ara, tí kò sì dunni, ṣé ojú lásán nìyẹn? Ẹbí á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á ní wọ́n ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Ìwádìí á bẹ̀rẹ̀. Owó á máa jáde, ọ̀sẹ̀ á máa gorí ọ̀sẹ̀. Nígbà míì, ojú á yí sí orogún ìyá, tàbí sí ìyá àgbà kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ilé á pín sí méjì. Bí ilé ṣe ń pín, bẹ́ẹ̀ náà ni egbò ń fẹ̀.

Ẹ̀kẹta, nílẹ̀ wa, aláìsàn kì í dá wà. Ẹbí ló ń pinnu, ẹbí náà ló sì ń tẹ̀ lé e lọ. Bàbá ọmọ lè wà ní Kútọnu níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè ní ká dúró kó tó dé. Bó bá dé, tó sì gbà, ta ló máa bá ọmọ lọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Ìyá ló sábà máa ń lọ, a jẹ́ pé ọjà ìyá dúró, iṣu wà nínú koríko, àwọn àbúrò ọmọ wà lọ́wọ́ aládùúgbò. Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí a bá ń ka iye tí ìwòsàn ń náni, tí a kò ka èyí, a kò tíì kà á.

Ẹ̀kẹrin, èdè. Obìnrin kan dé ilé ìwòsàn, Yorùbá nìkan ló gbọ́. Ẹni tó jókòó síbẹ̀, Faransé ló ń sọ, tàbí èdè míì tí obìnrin náà kò gbọ́. Ọmọ ilé ìwé kan ni wọ́n máa pè kó wá túmọ̀. Báwo lọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe máa túmọ̀ "ó ti lé yìí bíi kókó, ó ń rìn lábẹ́ awọ, àmọ́ kò ta á"? Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á jágbe mọ́ obìnrin yìí pé kí ló ń ṣe látọjọ́ yìí, kí ló dé tó fi ewé sí i. Obìnrin yìí kò ní dáhùn. Yóò kàn wolẹ̀ ni. Àmọ́ tó bá délé, yóò ròyìn fún ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ìsọ̀ yẹn á sì ròyìn fún òmíràn.

Èyí ló wá bí ẹ̀karùn-ún, ìbẹ̀rù. Wọ́n á ní, "Ẹ má gbé e lọ o, wọ́n á gé e lẹ́sẹ̀." Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹni tó pẹ́ ló ń dé abẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tó tètè lọ, tó lo oògùn, tó sàn, àpá kékeré ló ń gbé bọ̀ wálé, kò sẹ́ni tó ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nìkan ni abúlé ń rí. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn ilé ìwòsàn fi di ìròyìn ọ̀bẹ, tí ìròyìn ọ̀bẹ sì ń jẹ́ kí ẹlòmíì pẹ́, tí pípẹ́ náà tún ń gbé òun náà lọ sábẹ́ ọ̀bẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan tó kàwé máa ń sọ pé, "Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yẹn pé àjẹ́ kò sí, ká lè rí nǹkan ṣe." A gbọ́ wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: ẹ̀sín wo ló ti gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn rí? Ẹni tí nǹkan ṣe máa ń béèrè ìbéèrè méjì. Ọ̀kan ni: kí nìyí? Èkejì ni: kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ tèmi nínú gbogbo ọmọ tó ń wẹ̀ nínú odò yẹn? Dókítà lè dáhùn èkíní. Kì í ráyè fún èkejì. Oníṣègùn, babaláwo, àlùfáà, pásítọ̀, àwọn ló ń jókòó ti ẹbí lórí èkejì, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn la kọ́kọ́ ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ká pa ìbéèrè èkejì tì kí a tó wá gba oògùn, yóò pẹ́ kó tó rí wa.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn àgbà wa kan ń sọ pé, "Egbò tí ayé fi ránṣẹ́, oògùn òyìnbó kò lè ràn án." Sí àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èsì Pobẹ̀ ni a ó fi dáhùn. Àwọn 215 tí ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún, ọmọ ilẹ̀ yìí ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí ayé bá wà, ayé kan náà tó wà ní abúlé wa ló wà ní abúlé tiwọn. Oògùn náà kò béèrè ẹni tó rán egbò wá kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn bàbá wa ló sọ pé ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí. Egbò ni akátá. Ẹ jẹ́ ká lé e. Bí ẹbí bá wá fẹ́ jókòó lẹ́yìn náà láti wádìí, láti ṣètùtù, láti parí ìjà àtijọ́, kò sẹ́ni tó máa dí wọn lọ́wọ́. Ìwádìí lè dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Oríkèé ọmọ kò lè dúró.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní kò ṣeé ṣe kí dókítà àti oníṣègùn jọ rìn. Ó ti ṣeé ṣe rí, nílé Yorùbá, ní Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí ààlà wa. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Aro fún àwọn tí orí wọn kò pé. Dípò kó tì wọ́n mọ́nú ilé gíga, ó wá yàrá fún wọn lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, mọ̀lẹ́bí kan sì máa ń bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbé. Wọ́n ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń gbé láàárín èèyàn bí èèyàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ló gbé orúkọ Lámbò dé àjọ ìlera àgbáyé, níbi tó ti di igbákejì ọ̀gá àgbà. Kò jù oògùn òyìnbó nù, kò sì fi àṣà wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó rí ni pé ilé tí aláìsàn ti wá wà lára ìwòsàn rẹ̀.

Nítorí náà, kí là ń fẹ́?

Lọ́wọ́ àwọn Kábíyèsí àti baálẹ̀ wa, ohùn là ń fẹ́. Ohùn yín ń dé ibi tí ìwé ìjọba kì í dé. Ẹ jẹ́ kí akéde lu agogo lọ́jọ́ ọjà pé: kókó tí kò dunni, awọ tó le, ẹsẹ̀ tó wú láìnídìí, egbò tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jiná, ẹ gbé e lọ wò. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kí bàbá ọmọ tó dé kò tàpá sí àṣẹ ẹbí. Ọ̀rọ̀ kan yìí láti ẹnu baálẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta padà. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé wọ́n ti ń fẹ̀sùn kan ìyá arúgbó kan nítorí egbò ọmọ, ẹ tètè dá sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn wa, àdéhùn là ń fẹ́. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́kọ́ rí egbò yìí, ojú yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ má gé e, ẹ má fi iná jó o, ẹ má ko ewé sínú rẹ̀. Ẹ fi àdúrà sin ọmọ náà dé Pobẹ̀. A fẹ́ kí ilé ìwòsàn náà ṣe tiwọn: kí wọ́n máa dá ìròyìn padà fún oníṣègùn tó fi aláìsàn ránṣẹ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún un bí ẹgbẹ́ ṣe ń sọ fún ẹgbẹ́. Oníṣègùn tó mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé, tó sì fi èèyàn ránṣẹ́ lásìkò, ó yẹ ká dìde fún un nípàdé ìlú, ká dá a lọ́lá.

Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa yìí, ohun méjì. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé dáadáa, obìnrin kan, ọkùnrin kan, tí yóò máa bá aláìsàn lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èkejì, kí a dá àjọ kékeré sílẹ̀ fún oúnjẹ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn àti owó ọkọ̀ rẹ̀. A ń dá owó fún ìsìnkú, a ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ọdún ìbílẹ̀. Ìyá tó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nítorí ọmọ, ṣé kò yẹ kó rí gàrí nínú owó ẹgbẹ́? Àwọn ọmọ tí ilé ìwé ń kọjá lórí wọn níbẹ̀ ńkọ́? Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ láàárín wa.

Lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn mẹ́ẹ̀rì, ẹ̀tọ́ là ń béèrè, a kò tọrọ àánú. Òfin ilẹ̀ Benin ti 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ nínú abala 8 pé ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ìlú ní àǹfààní ọgbọọgba sí ìlera. Abala 11 sọ pé gbogbo ẹ̀yà tó para pọ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè yìí ló ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Ẹ so abala méjèèjì pọ̀. Ilé ìwòsàn tí ìyá kò ti lè sọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀, ọgbọọgba wo ló wà níbẹ̀? A fẹ́ kí ẹnì kan ó kéré tán tó gbọ́ Yorùbá máa wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ìwòsàn tó wà nílẹ̀ Yorùbá, tọ̀sán tòru, kó sì jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ni. Bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, kó tó mú omi tí ẹ gbé fún un, ẹ bi í pé: ta ló ń gbọ́ Yorùbá ní ilé ìwòsàn wa lálẹ́?

Àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà sáàárín wa ní 1889, síbẹ̀ aláìsàn ń ti Nàìjíríà wá sí Pobẹ̀ nítorí wọ́n gbọ́ pé ìwòsàn wà níbẹ̀. Ohun ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn sọdá ààlà bá ṣáájú ẹni tí ilé rẹ̀ kò ju ìrìn alùpùpù kan lọ débẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni ẹ sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Bí ẹ bá ń wẹ ọmọ lálẹ́ òní, ẹ fọwọ́ pa apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ bá kan kókó kan níbẹ̀, ẹ má bi í bóyá ó dùn ún. Ẹ gbé e lọ.